Ilé Tí Ooru Ń Jò: Ohun Tí Ayálégbé Lè Béèrè Lọ́wọ́ Onílé ní England

Ẹni tó bá ti gba fúláàtì ní Peckham tàbí Woolwich, tó sì lo oṣù Kìíní kan níbẹ̀, mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Rẹdiétọ̀ gbóná débi pé ọwọ́ kò ṣeé gbé lé e, gáàsì ń jó, owó ń lọ, síbẹ̀ ẹsẹ̀ tutù bí ẹsẹ̀ ẹni tó dúró sínú odò. Bí wọ́n bá pa bọ́ílà ní aago mẹ́wàá alẹ́, kó tó di aago méjìlá, inú ilé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tutù bí ìta. Ilẹ̀ á mọ́, omi á ti sẹ̀ bí ìrì sára gíláàsì fèrèsé, á máa ṣàn sórí férémù, ohun dúdú kan á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í hù ní kọ̀rọ̀ ògiri lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì ọmọ.

Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé ìlú òyìnbó ló tutù, pé bí yóò ṣe máa rí nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìta ló yẹ kó tutù. Ooru tí ẹ fi owó rà ló ń jò jáde gba ara ògiri àti òrùlé, bí omi ṣe ń jò lára ìkòkò tó sán. Ta ló yẹ kó dí i? Kí ni òfin England gbà kí ayálégbé béèrè, báwo ni yóò sì ṣe béèrè rẹ̀ tí wọn kò fi ní dá a padà lófo? (Scotland, Wales àti Northern Ireland ní òfin tiwọn lórí púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ, nítorí náà England nìkan ni mo ń bá wí.)

Ẹ rántí kúlà tí a fi ń gbé ìrẹsì lọ sí òde àríyá. Ìrẹsì tí wọ́n bù sínú rẹ̀ láàárọ̀ ṣì ń rú èéfín lọ́sàn-án. Kúlà yẹn kan náà ni wọn yóò fọ̀, tí wọn yóò kó yìnyín àti ohun mímu sí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, yìnyín náà kò sì ní tètè yọ́. Kò sí iná nínú kúlà, kò sí ẹ̀rọ. Fóòmù tó wà láàárín ike inú àti ike ìta ni gbogbo àṣírí rẹ̀. Afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ ló há sínú fóòmù náà, kò ríbi rìn, ó sì ṣòro fún ooru láti la afẹ́fẹ́ tí kò rìn kọjá. Insulation ni wọ́n ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lára ilé. Èmi yóò pè é ní aṣọ ilé, nítorí iṣẹ́ tí súẹ́tà ń ṣe lára wa ló ń ṣe: súẹ́tà kì í gbóná fúnra rẹ̀, ooru ara ẹni tó wọ̀ ọ́ ló ń dá dúró. Ẹni tó bá ti sùn nínú yàrá tí kò ní síìlìn lábẹ́ páànù ní Ìbàdàn lóṣù Kẹta ti mọ ìyà ilé tí kò wọ aṣọ, àfi pé lọ́hùn-ún, ooru ló ń wọlé.

Nínú ilé tí kò ní aṣọ rárá, bí ìdá kan nínú mẹ́rin ooru ló ń gba òrùlé jáde, bí ìdá kan nínú mẹ́ta sì ń gba ara ògiri. Fèrèsé, ilẹ̀kùn, ilẹ̀pẹpẹ àti àwọn ihò kéékèèké ló ń pín ìyókù. Òrùlé ló rọrùn jù láti ṣe. Wọ́n á gun orí àjà, wọ́n á tẹ́ òwú tí wọ́n fi gíláàsì tàbí òkúta yíyọ́ ṣe síbẹ̀. Ìwọ̀n tí wọ́n ń dámọ̀ràn báyìí ni mìlímítà 270, díẹ̀ ló kù kó ga tó rúlà ọmọ iléèwé. Àjà tí wọ́n tẹ́ òwú sí ní ọgbọ̀n tàbí ogójì ọdún sẹ́yìn sábà máa ń kéré sí èyí gan-an, òwú náà á sì ti tẹ́ pẹrẹsẹ.

Ti ògiri gba àlàyé díẹ̀. Ilé tí wọ́n kọ́ kó tó di bí ọdún 1920 sábà máa ń ní ògiri tó dì gbagidi, bíríkì láti ìta dé inú. Láti ìgbà yẹn wá ni wọ́n ti ń mọ ògiri méjì tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí àlàfo wà láàárín. Ẹ lè dúró síta kí ẹ mọ èyí tó jẹ́ ti ilé yín, bí wọn kò bá ti rẹ́ ẹ. Bí gbogbo bíríkì bá dùbúlẹ̀ gbọọrọ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ó ṣeé ṣe kí àlàfo wà nínú rẹ̀. Bí bíríkì gígùn àti kúkúrú bá ń tẹ̀ lé ara wọn, ògiri gbagidi ni, nítorí orí bíríkì tí wọ́n gbé dábùú ògiri ni kúkúrú yẹn. Ìyàtọ̀ yìí kan àpò onílé. Àlàfo ṣeé kún: wọ́n á lu ihò kéékèèké láti ìta, wọ́n á fẹ́ òwú tàbí ìlẹ̀kẹ̀ fóòmù kéékèèké wọ inú rẹ̀, iṣẹ́ náà kì í sì í ju ọjọ́ kan lọ nínú ilé kékeré. Ògiri gbagidi ní láti wọ aṣọ láti inú tàbí láti ìta, owó rẹ̀ sì pọ̀ ju ti àlàfo lọ fíìfíì. Ayálégbé tó bá mọ irú ògiri tí ilé rẹ̀ ní kò ní béèrè ohun tí kò ṣeé ṣe.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú ni pé ayálégbé á pe onílé lórí fóònù, á ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ilé yìí tutù, ẹ bá wa tún un ṣe.” Onílé á rán ẹni wá wo bọ́ílà. Bọ́ílà ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, inú ayálégbé á sì bàjẹ́ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé nǹkan méjì ni òfin yà sọ́tọ̀ nínú ohun tí àwa ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pè. Títún ohun tó bàjẹ́ ṣe jẹ́ ọ̀tọ̀, fífi ohun tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kún un jẹ́ ọ̀tọ̀. Abala 11 nínú òfin Landlord and Tenant Act ti ọdún 1985 ní kí onílé tún òrùlé, ògiri, páìpù, bọ́ílà àti rẹdiétọ̀ ṣe bí wọ́n bá bàjẹ́. Ògiri tí wọ́n mọ láìsí aṣọ ní ọdún 1900 kò bàjẹ́. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn.

Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fìdí èyí múlẹ̀ ní ọdún 1985 nínú ẹjọ́ kan tí àwọn agbẹjọ́rò mọ̀ sí Quick v Taff Ely. Ilé káńsù ní Wales ni. Irin ni férémù fèrèsé rẹ̀, ìrì sì ń sẹ̀ nínú ilé náà tó bẹ́ẹ̀ tí ẹrù ayálégbé ń jẹrà. Ilé ẹjọ́ rí ìyà tó ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí ara ilé fúnra rẹ̀ kò bàjẹ́, kò sí ohun tí onílé fẹ́ tún ṣe lábẹ́ òfin àtúnṣe. Ìdí nìyẹn tí “ẹ bá wa tún un ṣe” kì í fi í tó. Ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ti tì ni ayálégbé ń kàn. Àwọn mìíràn wà tó ṣí, ìwé kan báyìí ló sì yẹ ká fi bẹ̀rẹ̀.

EPC (Energy Performance Certificate) ni orúkọ ìwé náà. Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ló ń wá yẹ ilé wò, tí yóò fún un ní máàkì láti A tó dára jù dé G tó burú jù. Ọdún 10 ni agbára rẹ̀. Ẹ kò ní láti bẹ onílé kó tó fi hàn yín, nítorí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ìjọba fún gbogbo ènìyàn: ẹ tẹ postcode yín, ẹ mú nọ́ńbà ilé yín, ó dé. Ẹ má wo máàkì nìkan. Ìwé náà ń sọ ti ògiri lọ́tọ̀, ti òrùlé lọ́tọ̀, ti fèrèsé lọ́tọ̀. Bí ẹ bá rí “assumed” lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kan, ẹni tó wá yẹ ilé wò kò rí inú nǹkan náà. Ọjọ́ orí ilé ló fi ṣírò rẹ̀. Nísàlẹ̀, ìwé náà á to àwọn iṣẹ́ tó lè gbé máàkì náà sókè, pẹ̀lú iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè náni. Ìwé tí onílé fúnra rẹ̀ sanwó fún ló ń sọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀rí wo ló tún kù tí ẹ fẹ́ wá?

Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ọdún 2018, onílé aládàáni kò gbọ́dọ̀ fi ilé tó gba F tàbí G fún ayálégbé tuntun. Ní ọdún 2020, òfin náà kan ilé tí ayálégbé ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Onílé ní láti náwó tó £3,500 kó lè gbé e dé E. Bí owó yẹn kò bá gbé e débẹ̀, ó lè forúkọ ilé náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba kí wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ fún ọdún 5. Bí kò bá ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì, káńsù lè bu owó ìtanràn tó £5,000 lé e lórí ilé kan. Ní tèmi, E kéré jù. Ilé tó gba E ṣì lè mú ọmọ wúkọ́. Ìjọba ti gbé àbá jáde láti sọ ọ́ di C nígbà tó bá fi máa di ọdún 2030, ẹ sì lè mẹ́nu kàn án fún onílé pé owó tó bá ná báyìí kò ní ṣòfò.

Nínú òfin yẹn kan náà ni ẹ̀tọ́ kan wà tí n kò tíì gbọ́ lẹ́nu ayálégbé tó pọ̀. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2016, ayálégbé lọ́dọ̀ onílé aládàáni lè kọ̀wé béèrè pé kí wọ́n jẹ́ kí òun fi aṣọ kún ilé. Onílé kò gbọ́dọ̀ kọ̀ láìnídìí tó mọ́gbọ́n dání, bó tilẹ̀ lè mú àbá mìíràn wá. Bó bá kọ̀ lásán, ọ̀rọ̀ náà lè dé iwájú àwọn adájọ́ tribunal. Àmọ́ ẹ fetí sí èyí dáadáa: kì í ṣe onílé ni yóò san owó iṣẹ́ náà. Ayálégbé ni, tàbí ẹni tó bá fẹ́ ràn án lọ́wọ́. Ta ló fẹ́ fi owó ara rẹ̀ dáṣọ fún ilé onílé? Nítorí náà, ẹ̀tọ́ yìí kò wúlò púpọ̀ àfi bí owó ìrànwọ́ bá wà. Ó wà nígbà mìíràn. Warm Homes: Local Grant, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2025, wà lọ́wọ́ àwọn káńsù fún ìdílé tí owó tó ń wọlé fún wọn kò pọ̀, tí ilé wọn sì gba D títí dé G. Ayálégbé wà lára àwọn tó lè rí i gbà, bí onílé bá fọwọ́ sí i. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ní káńsù yín kí ẹ tó kọ̀wé sí onílé. Ẹni tó bá wí pé “owó ìrànwọ́ ti wà, ìbuwọ́lùwé yín nìkan ló kù” yóò rí etí gbọ́ ju ẹni tó ní “ẹ náwó fún mi” lọ.

Ọ̀nà tí èmi gbẹ́kẹ̀ lé jù fún ilé tó tutù jù ni ti káńsù. Òfin Housing Act ti ọdún 2004 ka òtútù tó pọ̀jù nínú ilé mọ́ ewu, gẹ́gẹ́ bó ṣe ka àtẹ̀gùn tó ti jẹrà tàbí wáyà iná tó wà ní ìhòòhò mọ́ ewu. Ẹ pe ẹ̀ka Environmental Health ní káńsù, ẹ ní kí wọ́n wá yẹ ilé wò. Àwọn arúgbó tó ti pé ẹni ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni òfin náà fi ń díwọ̀n ewu òtútù, ọmọdé ló sì fi ń díwọ̀n ti ọ̀rinrin àti ohun dúdú tí ń hù lára ògiri. Bí ìyá yín bá wà nílé, tàbí ọmọ kékeré, ẹ sọ ọ́. Bí ewu náà bá wọ ipò kìíní, ìyẹn èyí tó burú jù, dandan ni fún káńsù láti gbé ìgbésẹ̀, wọ́n sì lè pàṣẹ fún onílé pé kó ṣe ohun tó yẹ, aṣọ ilé pẹ̀lú. Ẹni tó gba yàrá kan ṣoṣo nínú ilé àpapọ̀, tí yàrá rẹ̀ kò ní EPC tirẹ̀, lè gba ọ̀nà yìí. Láti oṣù Kẹta ọdún 2019 ni òfin Homes (Fitness for Human Habitation) Act ti ọdún 2018 sì ti jẹ́ kí ayálégbé fúnra rẹ̀ lè gbé onílé lọ sí kóòtù lórí àwọn ewu yìí kan náà, ì báà ṣe pé nǹkan bàjẹ́ tàbí pé bí wọ́n ṣe kọ́ ilé náà nìyẹn. Àlàfo tí ẹjọ́ ọdún 1985 fi sílẹ̀ ni wọ́n dí.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ohun dúdú yẹn, mould. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń wá ibi tó tutù jù lọ lára ògiri, tó ń sẹ̀ síbẹ̀, ohun dúdú náà á sì hù níbi tí omi wà. Òótọ́ ni pé ọbẹ̀ tó ń hó, aṣọ tí a sá sórí rẹdiétọ̀ àti omi ìwẹ̀ gbígbóná ń fi ọ̀rinrin kún ilé. Ṣùgbọ́n gbogbo ìdílé ló ń dáná, gbogbo ìdílé ló ń wẹ̀. Bí ara ògiri bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìdáná àti balùwẹ̀, ọ̀rinrin yẹn kì í ríbi sẹ̀ sí. Awaab Ishak, ọmọ ọdún méjì, kú ní Rochdale ní oṣù Kejìlá ọdún 2020. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ẹni tó ṣe ìwádìí ikú rẹ̀ ní mould inú fúláàtì wọn ló pa á. Àwọn òbí rẹ̀ ti sunkún títí, ọ̀dà ni onílé wọn sọ pé kí wọ́n fi kùn ún. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e fi hàn pé àwọn òṣìṣẹ́ onílé náà ti pinnu lọ́kàn ara wọn pé bí ìdílé náà ṣe ń fi bọ́kẹ́ẹ̀tì wẹ̀ ló fà á. Èmi tí wọ́n fi bọ́kẹ́ẹ̀tì wẹ̀ dàgbà, n kò lè ka ọ̀rọ̀ yẹn kí ó má dùn mí. Nítorí náà, bí onílé bá ní ọbẹ̀ yín ló ń ba ògiri jẹ́, ẹ má fi ìtìjú gba ẹ̀bi náà. Ẹ béèrè pé, báwo ni ògiri ṣe tutù tó?

Orúkọ ọmọ yẹn ni wọ́n fi pe òfin Awaab. Láti ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ó ti de ilé káńsù àti ti housing association. Ewu pàjáwìrì gbọ́dọ̀ ní àtúnṣe láàárín wákàtí 24. Ọ̀rinrin àti mould tó lágbára gbọ́dọ̀ ní ìwádìí láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10, kí wọ́n sì mú ewu rẹ̀ kúrò láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 5 lẹ́yìn ìwádìí náà.

Ó wá ku ìwé kíkọ. Ẹ má fi fóònù ṣe é. Fóònù dára fún ìkíni. Ìwé tàbí email ni adájọ́ ń kà. Kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ ra tẹmómítà olówó pọ́ọ́kú kan, ẹ gbé e sí yàrá tí ẹ ń sùn, ẹ máa kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, pẹ̀lú iye wákàtí tí hítà fi ṣiṣẹ́. Ìwọ̀n 18 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ṣe òdiwọ̀n fún inú ilé. Yàrá tí kò lè dé 18 pẹ̀lú hítà tó ń jó láti àárọ̀ ti sọ tẹnu rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ìrì àti mould, kí déètì hàn. Kí ẹ wá dárúkọ iṣẹ́ kan pàtó. “Ilé tutù” kò ní ìdáhùn. “EPC yín ní òwú orí àjà jẹ́ mìlímítà 50, a fẹ́ kí ẹ sọ ọ́ di 270, káńsù sì ní owó ìrànwọ́ fún un” ní ìdáhùn kan tàbí òmíràn. Ẹ fi ọjọ́ tí ẹ ń retí èsì sí i.

Ẹ tún wádìí ẹni tó ni ògiri. Ọ̀pọ̀ fúláàtì ní Peckham àti Thamesmead jẹ́ ti káńsù tẹ́lẹ̀, kí ẹnìkan tó rà á. Inú fúláàtì nìkan ni onílé yín ni. Ẹlòmíràn ló ni ara ilé àti òrùlé, onílé yín sì gbọ́dọ̀ tọrọ àyè lọ́wọ́ onítọ̀hún. Ẹ bi í bóyá ó ti tọrọ rẹ̀, kó sì fi ìwé rẹ̀ hàn yín.

Ẹ̀rù ló ń pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu mọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, abala 21 nínú òfin mìíràn lórí ilé jẹ́ kí onílé lè fún ayálégbé ní ìwé oṣù méjì láìsọ ìdí kankan, ọ̀pọ̀ sì mọ ẹni tó ráhùn lọ́jọ́ Ajé tó gba ìwé náà lọ́jọ́ Ẹtì. Òfin Renters’ Rights Act ti ọdún 2025 pa abala náà rẹ́ láti ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 2026. Onílé gbọ́dọ̀ dárúkọ ìdí tí òfin mọ̀, kó sì lè fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn ní kóòtù. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló sì lè fi kún owó ilé, ayálégbé sì lè gbé àfikún náà lọ sí tribunal bó bá pọ̀jù. Àwọn kan tún ń bẹ̀rù físà. Bíbéèrè òwú orí àjà kò kan físà ẹnikẹ́ni.

Àwa náà ti di onílé ní London o. Bí ọmọ Yorùbá ẹgbẹ́ yín bá kọ irú ìwé yìí sí yín, ẹ má kà á sí àfojúdi. Ilé yín ni ìrì ń jẹ, pílásítà yín ni mould ń bó.

Bí wọ́n bá gbà, tí àwọn òṣìṣẹ́ dé, ẹ bá wọn gun orí àjà, kí ẹ mú rúlà dání. Kí òwú náà ga tó mìlímítà 270 yíká, kì í ṣe ní ẹnu ọ̀nà àjà nìkan tí iná tọ́ọ̀ṣì ń dé. Kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, nítorí òwú tó tẹ́ pẹrẹsẹ ti pàdánù afẹ́fẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ ní etí òrùlé, níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ igi àjà á máa jẹrà. Ẹ̀yin náà, ẹ má fi téèpù dí ihò tóóró tó wà lókè fèrèsé tàbí bíríkì oníhò tó wà lára ògiri. Ilé tó wọ aṣọ ṣì gbọ́dọ̀ mí. Lẹ́yìn náà, ẹ bi onílé nígbà tí yóò ṣe EPC tuntun, nítorí máàkì àtijọ́ ni yóò máa wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí ẹnìkan yóò fi padà wá yẹ ilé náà wò.